Mo fẹ́ kan subwoofer fúnra mi: ṣé sípíkà ńlá ni kí n wá, àbí àpótí?

Oníbèérè: Ẹ̀yin àgbà, Ògbómọ̀ṣọ́ ni mo ń gbé, ní agbègbè Under G tí kò jìnnà sí LAUTECH. Àwòrán home theatre mi dára, ṣùgbọ́n béèsì tí ó bá a wá kò tẹ́ mi lọ́rùn rárá. Nígbà tí fíìmù bá dé ibi tí ààrá ń sán tàbí tí ilé ń wó, àpótí náà kàn ń gbọ̀n ni, ohùn gidi kò ti inú rẹ̀ jáde. Ọ̀rẹ́ mi ní kí n lọ ra sípíkà ọkọ̀ tókùnbọ̀ oní-ínṣì 15, pé bí sípíkà bá ṣe tóbi tó ni béèsì rẹ̀ ṣe ń wúwo tó. Káfíńtà kan ní Takie sì ti ṣetán láti bá mi kan àpótí, ó ní ìwọ̀n tí ó bá wù mí ni kí n mú wá. Ṣé òótọ́ ni ọ̀rẹ́ mi wí? Kí ni kí n kọ́kọ́ fi owó rà?

Èsì: Ẹ má ṣe ra sípíkà kankan tí ẹ kò rí nọ́ńbà rẹ̀, ẹ má sì jẹ́ kí káfíńtà gé pákó kí nọ́ńbà náà tó tẹ̀ yín lọ́wọ́. Ọ̀pọ̀ àpótí béèsì tí mo ti rí ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí ni sípíkà wọn dára tí pákó wọn sì nípọn, síbẹ̀ tí ohùn wọn kò sunwọ̀n, nítorí pé kò sí ẹni tí ó ṣírò bí inú wọn ṣe yẹ kí ó gba afẹ́fẹ́ tó.

Iṣẹ́ kan ṣoṣo ni subwoofer ní, òun ni láti gbé ohùn tí ó wà láàárín Hz 20 sí nǹkan bíi Hz 80 jáde (Hz ni iye ìgbà tí ohùn ń gbọ̀n ní ìṣẹ́jú àáyá kan), nígbà tí àwọn sípíkà kéékèèké yòókù ń mójú tó èyí tí ó ga ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìgbì ohùn tí ó wà ní Hz 20 gùn ju mítà 17 lọ, ó sì gbọdọ̀ jẹ́ pé afẹ́fẹ́ púpọ̀ ni kóònù, ìyẹn ojú sípíkà tí ń mì, ń tì kí etí tó lè gbọ́ ọ. Bí ẹ bá fẹ́ kí ohùn sọ̀ kalẹ̀ láti Hz 40 dé Hz 20 láìjẹ́ pé ó rẹ̀yìn, afẹ́fẹ́ tí kóònù yóò máa tì gbọ́dọ̀ di ìlọ́po mẹ́rin. Ibí ni ọ̀rẹ́ yín ti ní òótọ́ díẹ̀ lẹ́nu: ojú sípíkà oní-ínṣì 10 sábà máa ń fẹ̀ tó sẹ̀ntímítà onígun mẹ́rin 330, ti oní-ínṣì 15 sì sábà máa ń tó 800, nítorí náà èyí tí ó tóbi kò ní láti rìn jìnnà kí ó tó ti afẹ́fẹ́ kan náà.

Ṣùgbọ́n títóbi nìkan kọ́ ni ń mú ohùn sọ̀ kalẹ̀. Neville Thiele, ẹnjiníà ará Ọsirélíà, ti gbé iṣẹ́ rẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí jáde láti ọdún 1961, Richard Small sì fẹ̀ ẹ́ lójú ní àwọn ọdún 1970. Láti ìgbà náà ni a ti mọ̀ pé nọ́ńbà mélòó kan lára sípíkà ló ń sọ irú àpótí tí yóò gbà á. Fs ni ìró tí kóònù máa ń gbọ̀n sí fúnra rẹ̀ nígbà tí kò tíì wọ inú àpótí. Qts ń sọ bí mágínẹ́ẹ̀tì àti ìdè rẹ̀ (ohun tí ó so kóònù mọ́ férémù) ṣe ń kó kóònù náà níjàánu tó. Vas ni ìwọ̀n afẹ́fẹ́ tí líle rẹ̀ bá líle ìdè kóònù mu, lítà ni a sì fi ń kà á. Xmax ni mílímítà tí kóònù lè rìn síwájú tàbí sẹ́yìn kí ohùn rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í dàrú. Ẹni tí ó bá ní mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lọ́wọ́ lè fi ètò ọ̀fẹ́ tí wọ́n ń pè ní WinISD rí ohun tí àpótí yóò ṣe lórí kọ̀ǹpútà kí ó tó ra pákó.

Nípa sípíkà ọkọ̀ tókùnbọ̀ náà, ohun kan wà tí àwọn tí ń tà á kì í sọ. Inú ọkọ̀ kéré, ó sì máa ń ti ohùn ìsàlẹ̀ lẹ́yìn gan-an, ìdí nìyẹn tí sípíkà kan fi lè mi ọkọ̀ tìtì kí ó sì dákẹ́ jẹ́ẹ́ nígbà tí wọ́n bá gbé e wọ pálọ̀. Kì í ṣe pé kò lè wúlò nínú ilé, ṣùgbọ́n ẹ kò gbọdọ̀ fi bí ó ṣe dún nínú ọkọ̀ díwọ̀n bí yóò ṣe dún nílé.

* * *

Káfíńtà kan láti Ọ̀yọ́ dá sí i: Ó ti pẹ́ tí mo ti ń kan àpótí fún ṣọ́ọ̀ṣì àti fún àwọn oníjó lágbègbè Ọwọ́dé, n kò sì wo ìwé rí. Etí ni mo fi ń kan àpótí. Igi apá tàbí igi òmọ̀ ni kí ẹ lò, nítorí pé igi tí a fi ń gbẹ́ ìlù ló ń mú béèsì dùn. Plywood kò ní ohùn nínú.

Èsì: Mo bọ̀wọ̀ fún iṣẹ́ ọwọ́ yín, ẹ̀gbọ́n, ṣùgbọ́n n kò lè gba ọ̀rọ̀ igi yìí. Àwọn agbẹ́lù ń wá igi òmọ̀ nítorí pé ìlù fẹ́ kí igi bá awọ sọ̀rọ̀. Àpótí sípíkà kò fẹ́ bẹ́ẹ̀ rárá. Kóònù nìkan ni ó yẹ kí ó mira. Bí ara àpótí bá bá a mira, ohùn tirẹ̀ ni yóò máa fi kún ti fíìmù, gbogbo béèsì yóò sì máa dún bí ìró kan náà, ìbáà jẹ́ ìbọn ni ó dún tàbí ààrá. Plywood tí ẹ ní kò ní ohùn nínú, ohun tí mo fi ń yìn ín gan-an nìyẹn.

Mo fi ojú ọjọ́ kún un. Pákó odindi ń fẹ̀ nígbà òjò, ó sì ń sún nígbà ọyẹ́, ẹ̀yin náà sì mọ irú ọyẹ́ tí ń fẹ́ ní Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́. Àpótí apá tí a kàn ní oṣù kẹjọ lè ti ya ní oríkèé nígbà tí oṣù kìíní bá dé, afẹ́fẹ́ yóò sì máa súfèé gba ibẹ̀ jáde. Plywood oní-mílímítà 18 tí a pa pọ̀ ní fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kì í yí bẹ́ẹ̀. MDF, ìyẹn pákó tí a fi lẹ́búlẹ́bú igi tẹ̀ pọ̀, náà dára, ó wúwo, ó sì tẹ́jú, ṣùgbọ́n bí omi bá kàn án, yóò wú bí ó ti wù kí a kùn ún tó. Ní ilé tí òjò ti ń gba ojú fèrèsé wọlé, n kò ní lò ó. Pákó èérún tí wọ́n fi ń ṣe kọ́bọ́ọ̀dù olówó pọ́ọ́kú ni kí ẹ yẹra fún pátápátá, nítorí pé síkúrù kì í dúró nínú rẹ̀.

Ní ti ṣọ́ọ̀ṣì àti òde ijó, àwọn àpótí wọ̀nyẹn ń ṣe ohun tí a rán wọn. Gbogbo èèyàn inú gbọ̀ngàn ni ó ní láti gbọ́, nítorí náà a kan wọ́n fún ariwo tí ń rìn jìnnà, ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í sì í lágbára mọ́ tí ìró bá ti lọ sí ìsàlẹ̀ Hz 40. Gìtá béèsì oníwáyà mẹ́rin kò kọjá Hz 41 lọ sísàlẹ̀, ìdí nìyẹn tí kò fi sí ẹni tí ń ṣàròyé ní ṣọ́ọ̀ṣì. Fíìmù ń sọ̀ kalẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Josef Hofmann, ọ̀kan nínú àwọn mẹ́ta tí wọ́n dá KLH, ilé iṣẹ́ tí ń ṣe sípíkà, sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà, fi òfin kan lélẹ̀ tí kò sí káfíńtà tí ó lè fi ọgbọ́n borí rẹ̀: àpótí kékeré, ohùn tí ó sọ̀ kalẹ̀ gan-an, àti ariwo púpọ̀ láti inú agbára díẹ̀, méjì nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni ẹnikẹ́ni lè ní.

* * *

Oníbèérè: Mo ti rí sípíkà tuntun oní-ínṣì 10 kan tí ìwé wà nínú páálí rẹ̀. Fs rẹ̀ jẹ́ Hz 28, Qts jẹ́ 0.45, Vas sì jẹ́ lítà 60. Kí ni mo máa fi wọ̀nyí ṣe?

Èsì: Nọ́ńbà tó dára nìyẹn fún àpótí dídì, ìyẹn àpótí tí kò ní ihò kankan yàtọ̀ sí ti sípíkà. A fẹ́ kí Qts, nígbà tí sípíkà bá ti wà nínú àpótí, gòkè dé 0.707, níbi tí béèsì kì í wú jù tí kì í sì í gbẹ. Ẹ pín 0.707 sí ọ̀nà 0.45, ẹ ó rí 1.57. Ẹ fi 1.57 sọ ara rẹ̀ di púpọ̀, ẹ ó rí nǹkan bíi 2.47, ẹ yọ 1 kúrò, ó ku 1.47. Ẹ wá pín lítà 60 sí ọ̀nà 1.47, èsì rẹ̀ yóò sún mọ́ lítà 41. Bí ẹ bá fi 1.57 yẹn kan náà sọ Fs di púpọ̀, ẹ ó rí Hz 44, ibẹ̀ sì ni ohùn yóò ti bẹ̀rẹ̀ sí í rẹlẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Àpótí tí inú rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ntímítà 35 ní gígùn, ní fífẹ̀ àti ní gíga yóò gba nǹkan bíi lítà 43. Lítà méjì tí ó lé níbẹ̀ ni ara sípíkà àti igi ìtìlẹ́yìn yóò jẹ. Pẹ̀lú plywood oní-mílímítà 18, ìta rẹ̀ yóò jẹ́ sẹ̀ntímítà 38.6. Pákó mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ni ẹ lè rí gé nínú ìdá mẹ́ta odindi plywood kan tí ó jẹ́ ẹsẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́jọ, nítorí náà ẹ bi káfíńtà bóyá ó ní èyí tí ó ṣẹ́ kù lára iṣẹ́ mìíràn. Ẹ jẹ́ kí ó fi ẹ̀rọ gé e, kí igun rẹ̀ gún régé. Gọ́ọ̀mù funfun tí àwọn káfíńtà ń lò ni yóò so ó pọ̀ ní ti gidi. Iṣẹ́ síkúrù kò ju pé kí ó dì í mú títí gọ́ọ̀mù yóò fi gbẹ. Ìṣó lásán kò tó, nítorí pé ìmìtìtì yóò tú u. Ẹ fi igi kan dábùú inú rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ dé ẹ̀gbẹ́, kí ẹ sì fi òwú tí a fi ń kún pílò sí i ní wọ̀ǹtì-wọnti, èyí tí yóò mú kí àpótí náà hùwà bí ẹni pé ó tóbi díẹ̀ sí i.

* * *

Ẹlòmíràn bèèrè: Kí ló dé tí ẹ ń dárúkọ àpótí dídì? Gbogbo èyí tí mo rí lọ́jà ló ní ihò, wọ́n sì ń dún jù.

Èsì: Òótọ́ ni pé ihò ń fi ohùn kún un. Afẹ́fẹ́ inú páìpù náà máa ń mì lórí ìró kan pàtó, tí kóònù yóò fi sinmi níbẹ̀, tí àpótí yóò sì dún ketekete. Ṣùgbọ́n bí ìró bá ti lọ sí ìsàlẹ̀ èyí tí a tò páìpù sí, kò sí ohun tí ń dì kóònù mú mọ́. Yóò máa fò síwá sẹ́yìn láìsí ohùn, bí áńpílífáyà kò bá sì ní ohun tí ń gé ìró ìsàlẹ̀ kúrò, fíìmù kan ṣoṣo lè já a. Àpótí dídì máa ń rọra rẹlẹ̀, ó ń pàdánù dB 12 (dB ni a fi ń wọn bí ohùn ṣe lágbára tó) nígbàkígbà tí ìró bá sọ̀ kalẹ̀ dé ìdajì, nígbà tí oníhò ń pàdánù dB 24. Edgar Villchur ti fi hàn láti ọdún 1954, nígbà tí òun àti Henry Kloss dá ilé iṣẹ́ sípíkà Acoustic Research sílẹ̀, pé afẹ́fẹ́ tí a há mọ́ inú àpótí kékeré lè jẹ́ ìdè tó dára fún kóònù.

Ẹni tí ó bá ta kú pé oníhò ni òun fẹ́ gbọ́dọ̀ ṣírò. Fún àpótí lítà 60 tí a fẹ́ tò sí Hz 30, páìpù PVC tí ihò rẹ̀ fẹ̀ tó sẹ̀ntímítà 10 gbọ́dọ̀ gùn tó sẹ̀ntímítà 36. Ẹlòmíràn á wò ó pé ó gùn jù, á sì lọ mú páìpù oní-sẹ̀ntímítà 5, èyí tí kò ní ju sẹ̀ntímítà 7 lọ ní gígùn fún ìró kan náà. Ìṣirò gbà á, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ yóò máa pariwo fùù fùù lẹ́nu rẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí béèsì bá ti wúwo. Ẹ tún fi nẹ́ẹ̀tì bo ẹnu páìpù náà láti inú, nítorí pé eku fẹ́ràn ibi tí ó ṣókùnkùn, wọ́n sì ń jẹ wáyà.

* * *

Èsì: Mo rí i pé ọ̀rọ̀ ti ṣẹ́rí sí wáàtì, tí ẹnìkan sì ń sọ pé áńpílífáyà tí wọ́n kọ PMPO 5,000 sí lára ni kí oníbèérè rà. Nọ́ńbà PMPO kò ní òfin tí ó dè é; ohun tí ó bá wu ẹni tí ó ṣe é ni ó ń kọ. RMS, ìyẹn wáàtì tí áńpílífáyà lè máa gbé jáde láìdúró, ni kí ẹ máa wò. Bí ẹ bá sì sọ wáàtì di ìlọ́po méjì, dB 3 péré ni yóò fi kún ohùn, etí kò sì ní pè é ní ìlọ́po méjì. Wáàtì 150 sí 200 ní RMS yóò tó fún sípíkà oní-ínṣì 10 yìí nínú pálọ̀.

Ọ̀pọ̀ nínú wa ń lo áńpílífáyà ọkọ̀ nítorí pé ó rọrùn láti rí, tí a sì ń fi bátìrì gbé e. Kò burú, ṣùgbọ́n èyí tí ó bá ń gbé wáàtì 300 jáde ní tòótọ́ lè fa ámpíà 30 láti ara bátìrì fóltì 12, nítorí náà wáyà rẹ̀ gbọ́dọ̀ nípọn, fíúsì sì gbọ́dọ̀ wà nítòsí bátìrì náà gan-an. Ohun tí mo bẹ̀ yín kí ẹ má ṣe ni kí ẹ so ó mọ́ ọ̀kan ṣoṣo nínú bátìrì méjì tí ń gbé íńfátà fóltì 24. Bátìrì yẹn yóò máa ṣófo ju èkejì lọ, ẹ̀rọ tí ń gba iná sí wọn kò ní mọ̀, èkejì yóò máa gba iná ní àgbàjù, kò sì ní pẹ́ tí àwọn méjèèjì yóò bàjẹ́. Owó bátìrì lóde òní ju owó gbogbo subwoofer náà lọ. Áńpílífáyà tí ń lo iná fóltì 230 ni ó bọ́gbọ́n mu jù fún ilé tí ó ti ní íńfátà.

Kí ẹ tó so sípíkà mọ́ áńpílífáyà, ẹ wo ohm rẹ̀, ìyẹn bí ó ṣe ń tako iná tó. Sípíkà tí ó ní kọ́ìlì (wáyà tí a ká sí ẹ̀yìn kóònù) méjì, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ ohm 4, yóò di ohm 8 bí a bá so wọ́n tẹ̀ léra, yóò sì di ohm 2 bí a bá so wọ́n pọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ọ̀pọ̀ áńpílífáyà ilé kò lè gbé ohm 2. Yóò gbóná, yóò sì jó.

* * *

Oníbèérè: Ẹ ṣé gan-an. Ẹnìkan ní kí n má wulẹ̀ yọ ara mi lẹ́nu, pé kí n ra èyí tí wọ́n ti ṣe tán. Yàrá mi jẹ́ ẹsẹ̀ 12 sí ẹsẹ̀ 12, páánù ni òrùlé rẹ̀.

Èsì: Bí owó bá wà fún èyí tó dára ní ti gidi, ẹ rà á, kò sí ìjà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n iye tí wọ́n ń ta àpótí fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí ó wà nínú ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù lè ra sípíkà tó ní ìwé àti pákó tó nípọn, ẹ ó sì mọ ohun tí ó wà nínú èyí tí ẹ kàn fúnra yín.

Ọ̀rọ̀ yàrá yẹn ṣe pàtàkì ju bí ẹ ti rò lọ. Ẹsẹ̀ 12 jẹ́ mítà 3.66, ohùn sì máa ń ta láti ògiri dé ògiri nínú irú yàrá bẹ́ẹ̀ ní nǹkan bíi Hz 47. Nígbà tí gígùn àti fífẹ̀ bá dọ́gba, ìró kan náà ni méjèèjì ń gbé, yóò sì wú gan-an lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, nígbà tí ẹni tí ó bá jókòó sí àárín gbùngbùn yàrá fẹ́rẹ̀ẹ́ má ní gbọ́ ọ rárá. Ẹ má gbé àga yín sí àárín. Láti rí ibi tí àpótí yẹ kí ó wà, ẹ gbé e sórí àga tí ẹ máa ń jókòó lé, ẹ fi orin tí béèsì rẹ̀ dọ́gba sí i, kí ẹ wá rá kòrò yíká ẹsẹ̀ ògiri. Ibi tí béèsì bá ti mọ́lẹ̀ tí kò wú jù létí yín ni kí ẹ gbé àpótí lọ. Ní ti páánù àti sílíǹ, wọn yóò mì. Ẹ wá ibi tí ìṣó ti tú kí ẹ kàn án padà, kí ẹ sì fi rọ́bà há àwọn gíláàsì fèrèsé tí ń ta, kí ẹ tó dá sípíkà lẹ́bi. Ẹ má gbé àpótí sórí ilẹ̀ lásán. Ẹsẹ̀ rọ́bà mẹ́rin yóò jẹ́ kí ẹ tètè rí ikán bí ó bá ń bọ̀.

Nígbà tí gọ́ọ̀mù bá ti gbẹ tán, ẹ fi sílíkóònù kun gbogbo oríkèé láti inú, kí ẹ sì jẹ́ kí òórùn rẹ̀ tán kí ẹ tó de sípíkà, nítorí pé ooru rẹ̀ lè ba rọ́bà etí kóònù jẹ́. Ẹ rọra fi ọwọ́ méjèèjì ti kóònù wọlé. Bí ó bá ń lọ́ra padà, àpótí dì. Bí ó bá padà wéré bí ìgbà tí ó wà níta, ibì kan ń jò. Ẹ fi bátìrì tọ́ọ̀ṣì fóltì 1.5 kan ẹnu wáyà ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí kóònù bá fò síwájú, ibi tí ojú bátìrì tó ní àmì ìròpọ̀ fara kàn ni kí ẹ sàmì sí. Ẹ to áńpílífáyà sí Hz 80, kí subwoofer má baà gbé ohùn tí ó ga ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ fi orin tí ẹ mọ̀ dáadáa sí i, ẹ jókòó sáàyè yín, kí ẹnìkan máa yí bọ́tìnì phase, èyí tí ń mú kí subwoofer àti àwọn sípíkà yòókù jọ máa ti afẹ́fẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, láti 0 sí 180. Níbi tí béèsì bá ti pọ̀ jù létí yín ni kí ó fi í sí.